Ìda Jáde, Idẹ Wọlé

Bí ẹ bá bi ará Ìwó léèrè ibi tó ti ṣẹ̀ wá, Ilé-Ifẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ìtàn tí a bá lẹ́nu àwọn àgbà wa ni pé Adékọ́lá Télù, ọmọ Ọọ̀ni Lúwòó, ló kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde ní Ifẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣí láti ibùdó kan sí òmíràn títí ìlú fi dúró síbi tó wà lónìí. Obìnrin ni Lúwòó, ohun tí àwọn ènìyàn sì fi ń rántí rẹ̀ jù ni ọ̀nà. Wọ́n ní kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan erùpẹ̀ lásán, ló bá pàṣẹ kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ìgboro. Àwọn awalẹ̀pìtàn á ní kì í ṣe ìgbà ọba kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ́ gbogbo rẹ̀. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n àwọn àpáàdì ọ̀hún ṣì wà nílẹ̀ ní Ifẹ̀. Wọ́n gbé wọn nàró lórí eteetí wọn, ọ̀kan ti èkejì, bí ẹni to ìwé sínú àpótí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún òjò kò sì sọ wọ́n di ẹrẹ̀ padà.

Iná tó wà nínú ìtàn yìí ló jẹ́ ká fi ṣáájú. Amọ̀ rírọ̀ wọ inú iná, ó jáde ní líle, ó di àpáàdì tí ọba ń rìn lé lórí. Òrí líle wọ inú iná, ó jáde ní omi. Iná kan náà ni o. Kí ló dé tí iná fi ń mú nǹkan kan le, tó ń yọ́ òmíràn? Ìbéèrè ọmọdé ni, irú èyí tí ìyá máa ń fi “jẹun kó o lọ sùn” dáhùn. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, àwọn kan wà ní Ifẹ̀ tí wọ́n fi ìyàtọ̀ yẹn jẹun, tí wọ́n fi kọ́ ìlú, tí wọ́n fi ṣe ère tí gbogbo ayé ń wò títí dòní. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan wá dé láti òkèèrè, ó ní kò lè jẹ́ àwọn ni. Ìyẹn gan-an lọ̀rọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ti ọjà bọ̀. Ní Odò-Orí nílùú wa, ẹ lè kọ́ ẹ̀kọ́ yìí láìṣí ìwé lọ́wọ́. Lásìkò ọyẹ́, bí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá ń fẹ́ láàárọ̀, àdín á dì nínú ìgò débi pé ẹ lè dojú ìgò náà délẹ̀ kí ẹ̀kán kan má já. Epo pupa á ki, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á dì bí ògì. Òrí á le, ọ̀bẹ ni wọ́n á fi máa gé e. Kí oòrùn tó dé àtàrí, gbogbo wọn ti ń rọ̀. Ìda oyin kò rọ̀ bẹ́ẹ̀ kíákíá, ó di nǹkan bí 62 sí 64°C kó tó yọ́. Òjé ń wo oòrùn ni, iná ló ń dúró dè, 327°C. Bàbà di 1,085°C, irin di 1,538°C. Ẹ fi àwọn nọ́ńbà yìí sápò, a máa tó lò wọ́n.

Ohun tó fà á rèé, bí àwọn onímọ̀ ṣe là á yé wa. Gbogbo ohun líle pátá, horo kéékèèké ló kóra jọ di í, ojú lásán kò lè rí wọn. Horo kọ̀ọ̀kan di aládùúgbò rẹ̀ mú. Ẹni tó bá ti kírun ní Yídì Ìwó lọ́jọ́ ọdún iléyá ti rí ohun tó jọ ọ́. Wọ́n á to sáfù, èjìká kan èjìká, ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀. Ẹ lè mì díẹ̀, ẹ lè yí ọrùn, ṣùgbọ́n ẹ ò ní kúrò lójú ibi tẹ́ ẹ dúró sí. Ohun líle nìyẹn. Tí wọ́n bá ti wá sàlámà tán, tí ìwáásù parí, sáfù á tú. Àwọn ènìyàn kò tíì lọ sílé o, orí pápá kan náà ni wọ́n ṣì wà, wọ́n ṣì fún mọ́ra, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ti ń gba àárín ẹnìkejì kọjá, ó ń kí ará, ó ń wá bàtà rẹ̀. Ohun tó yọ́ nìyẹn. Tí wọ́n bá wá fọ́nká gba ilé lọ, ó ti di oruku omi gbígbóná tó ń gòkè.

Kí ni ooru ń ṣe nínú èyí? Ooru ni mímì yẹn fúnra rẹ̀. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Count Rumford rí èyí ní ìlú Munich, ó sì kéde rẹ̀ ní 1798. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa dá ihò sínú àgbá ogun tí wọ́n fi idẹ ṣe. Ó wò ó pé bí irin ṣe ń ha idẹ, bẹ́ẹ̀ ni ooru ń jáde, kò sì tán. Ó gbé omi yí i ká, omi hó, láìsí iná kankan lábẹ́ rẹ̀. Ó ní ooru kì í ṣe nǹkan kan tó sá pamọ́ sínú idẹ, ìrìn ni, ìmìtìtì ni. Bí ẹ bá ṣe ń fi iná kún un, bẹ́ẹ̀ ni àwọn horo yóò ṣe máa mì sí i, títí mímì náà á fi pọ̀ ju ohun tí sáfù lè gbà lọ. Nígbà náà ni ìlà á dàrú.

Èyí tó dì mọ́ra le, á pẹ́ kó tó yọ́. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀, kò ní pẹ́. Ìdí nìyẹn tí òrí fi ń yọ́ lórí àtẹ́lẹwọ́ tí irin sì ń fi ojú di iná ìdáná.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tó máa ń ya àwọn ọmọ ilé-ìwé lẹ́nu. Ẹ bu yìnyín sínú abọ́ nínú yàrá, ẹ fi ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná sínú rẹ̀. Á dúró sórí òdo. Yìnyín ń yọ́, ooru ń wọlé, òdo náà ló ṣì dúró sí, àfìgbà tí horo yìnyín tó kẹ́yìn bá yọ́ tán. Níbo wá ni gbogbo ooru yẹn ń gbà lọ? Joseph Black ní Glasgow ló kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ní nǹkan bí 1761: ìtúká sáfù ló ń ná an. Owó kékeré kọ́ ni o. Ooru tí ẹ fi yọ́ yìnyín kan tó láti gbé omi rẹ̀ láti òdo dé nǹkan bí 80°C. Ẹni tó bá ń yọ́ idẹ mọ èyí lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ orúkọ Black rí. Á fẹ́ ẹwìrì títí idẹ á fi pọ́n, á wá fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ, idẹ kò ní pọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò kàn máa wó lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé iná ti kú. Ẹni tó mọ̀ kò ní dá ẹwìrì dúró.

Amọ̀ ńkọ́? Amọ̀ náà ní ìgbóná tó lè yọ́ ọ, ṣùgbọ́n iná amọ̀kòkò kò dé ibẹ̀. Ohun tí iná yẹn ń ṣe ni pé ó ń lé omi jáde, títí kan omi tó ti wọ inú ara amọ̀ gan-an, àwọn horo á wá lẹ̀ mọ́ra, wọn kò sì ní tú mọ́. Ìdí nìyẹn tí àpáàdì Lúwòó kò fi lè di amọ̀ padà, ṣùgbọ́n tí òrí tó yọ́ lọ́sàn-án máa ń dì padà lóru.

Ọdún 1910 la fẹ́ dé báyìí.

Lọ́dún náà, nílùú Berlin, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Frederick Lindemann wà nílé ìṣẹ́ ìwádìí Walther Nernst. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Ó kọ ìwé kúkúrú kan jáde nínú èyí tó gbìyànjú láti ṣírò ìgbà tí ohun líle máa yọ́. Ìmọ̀ràn rẹ̀ rọrùn: bí mímì àwọn horo bá fẹ̀ dé ìwọ̀n kan lára àlàfo tó wà láàárín wọn, ìlà á tú. Àwọn tó tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀ sọ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni. Títí di òní, òfin Lindemann ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní yunifásítì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tán ọ̀rọ̀. Wọ́n ti wá mọ̀ pé láti ojú ara ni yíyọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, torí pé horo tó wà lójú ara ní aládùúgbò lápá kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó di í mú láti òde.

Lọ́dún kan náà yẹn, nígbà tó ń parí lọ, ará Jámánì kan wọ Ilé-Ifẹ̀. Leo Frobenius lorúkọ rẹ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀ nínú igbó Olókun, ó rí orí idẹ kan tó dé adé, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Orí Olókun. Ẹnu yà á. Ó fún wọn ní pọ́n-ùn mẹ́fà àti ìgò ọtí kan, ó fẹ́ gbé e lọ. Charles Partridge, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti Ìbàdàn, ló mú kó dá a padà. Ṣùgbọ́n èyí tí Frobenius kó lọ tí ẹnikẹ́ni ò lè gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìtumọ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé iṣẹ́ àwọn ará Atlantis nìyí, ìlú àtijọ́ tí àwọn Gíríìkì ń sọ pé ó rì sínú òkun, pé Olókun kì í ṣe ẹlòmíràn bí kò ṣe òòṣà omi àwọn Gíríìkì. Ní tirẹ̀, àwọn tó bá nídìí ère kò lè jẹ́ ọmọ àwọn tó ṣe é.

A kò mọ̀ ọ́n sí ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín tàbí ohun tó ń bíni nínú. Ní Berlin, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń wá ìdí tí bàbà fi ń yọ́. Ní Ifẹ̀, ọmọ Jámánì kan ń wá ẹni tó yọ́ ọ, àwọn tó yẹ kó bi sì dúró síwájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tó wà nínú orí idẹ yẹn ní ti iṣẹ́. Asúdẹ á kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ inú orí. Tó bá gbẹ, á fi ìda oyin bò ó pẹlẹbẹ. Ara ìda yìí ni gbogbo ẹwà wà: ìpéǹpéjú, ètè, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ojú sọ̀kalẹ̀. Á wá fi amọ̀ kíkúnná bo ìda, kó lè wọ gbogbo kọ̀rọ̀, á fi amọ̀ tó ki bò ó lẹ́yìn ìyẹn, á dá ihò sílẹ̀. Ó gbé e sínú iná. Ẹ yọ àwọn nọ́ńbà yẹn jáde lápò: ìda yọ́ ní bíi 62°C, ó ṣàn jáde. Amọ̀ ní tirẹ̀ kò yọ́, ó ń le ni. Inú wá ṣófo, òfìfo tó jọ ojú ènìyàn. Idẹ tó ti yọ́ ní òkè 900°C ló máa wọ ibẹ̀, ibi tí ìda ti kúrò. Bí amọ̀ bá rọ̀ ju bó ṣe yẹ, orí bàjẹ́. Bí ìda kò bá jáde tán, orí bàjẹ́. Bí idẹ bá dì kó tó dé ẹnu ère, ère á jáde láìní ètè. Ohun mẹ́ta ló wà nínú iná kan, ìwà mẹ́ta ni wọ́n ń hù, asúdẹ sì ti to bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ léra kó tó fọwọ́ kan ẹwìrì. Tí èyí kì í bá ṣe ìmọ̀ nípa yíyọ́, a ò mọ orúkọ tí a máa pè é.

Ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí sinki àti òjé bá wọ inú bàbà, tó di idẹ, yóò yọ́ ní ìgbóná tó kéré sí ti bàbà lásán, torí pé àlejò tó wọ inú sáfù kò jẹ́ kí ìlà gún mọ́. Idẹ sì máa ń ṣàn dáadáa. Bàbà lásán kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ó fẹ́ 1,085°C, ó ń ki lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fa afẹ́fẹ́ mu nígbà tó bá yọ́, ó sì ń pọ ọ́ padà nígbà tó bá ń dì, tí ihò á fi wà lára ère. Àwọn asúdẹ níbi gbogbo láyé ń sá fún un. Ní Ifẹ̀, bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àbùlà kankan ni wọ́n fi ṣe ìbòjú Ọbàlùfọ̀n, ọba tí àwọn asúdẹ kà sí olórí iṣẹ́ wọn. Díẹ̀ nínú àwọn orí tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, náà jẹ́ bàbà bẹ́ẹ̀. Bàbà ọ̀hún kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ Ifẹ̀, òkèèrè ló ti wá. Wọ́n ná owó ńlá sí i, wọ́n wá mọ̀ọ́mọ̀ yan èyí tó ṣòro.

Ìtàn Orí Olókun kò parí síbi tí Partridge gbà á padà. Ní 1949, Leon Underwood, tó ń gbẹ́ ère, àti William Fagg yẹ orí tó wà ní Ifẹ̀ wò, wọ́n ní ayédèrú ni, pé inú iyanrìn ni wọ́n ti dà á, kì í ṣe ìda. Wọ́n ní ojú ara rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn fi ń sọ pé Frobenius ti pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí orí náà dé ìfihàn Ifẹ̀ tó wáyé ní British Museum ní 2010, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ tún un yẹ̀ wò, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní 2013 pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojúlówó. Ẹ wò ó, gbogbo awuyewuye yìí, lórí bí omi idẹ ṣe dì lọ́jọ́ kan ni. Bí ohun tó yọ́ bá ń dì, ó ń ya àwòrán ohun tó fara kàn. Iyanrìn á fi ti rẹ̀ sílẹ̀, ìda àti amọ̀ kíkúnná á fi ti wọn sílẹ̀.

Ẹnìkan lè wá bi wá pé: ẹ̀yin ará wa, ṣé asúdẹ Ifẹ̀ mọ ohun tí Lindemann mọ̀ ni? Rárá o. Kò mọ̀ ọ́n. Kò ní nọ́ńbà, kò sì sọ̀rọ̀ nípa horo. Àwọn ará wa kan wà báyìí tí wọ́n fẹ́ ká máa pariwo pé gbogbo ohun tí Òyìnbó kọ sílẹ̀ ni baba wa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. A kò sí lára wọn. Mímọ bí nǹkan ṣe máa ṣe àti mímọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìdí kò lè da orí idẹ kan ṣoṣo, ẹni tó sì mọ bí kò dúró de ìdí kó tó ṣiṣẹ́. Frobenius kò béèrè èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Èdè wa pàápàá ti ya àwọn nǹkan yìí sọ́tọ̀, bí ẹ bá fetí sí i. A ń yọ́ òrí, a ń yọ́ òjé, a ń da idẹ. Irin ńkọ́? A kì í sọ pé alágbẹ̀dẹ ń yọ́ ọkọ́ tàbí àdá. Rírọ ni, ó ń rọ ọ́. Òtítọ́ sì ni. Iná èédú tí a fi amọ̀ mọ ilé rẹ̀ kì í sábà dé 1,538°C. Nígbà tí àwọn asunrin ilẹ̀ Yorùbá kó òkúta irin àti èédú sínú iléru, irin kò yọ́ rárá. Ìdọ̀tí inú òkúta ló ń yọ́, tó ń ṣàn jáde, tó di ìdàrọ́. Irin ní tirẹ̀ á kù sílẹ̀ bí kànrìnkàn, wọ́n á wá máa lù ú títí ìdàrọ́ tó kù nínú rẹ̀ á fi jáde. Nínú idẹ, ohun tí a ń wá ló ń yọ́. Nínú irin, ohun tí a kò fẹ́ ló ń yọ́. C. V. Bellamy rí irú ilé ìsunrin bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Ọ̀yọ́, ó sì kọ̀wé lé e lórí ní 1904, kó tó di pé iléru náà tutù pátápátá. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 (1921 ni ìwé ọ̀hún tó jáde), ti rí i pé ọjà Òyìnbó ń lé ti ilé lọ. Ó ní èyí tó ń wọlé dínwó, ó dán, ṣùgbọ́n kò lálòpẹ́ tó ti ilé.

Èyí tó dùn wá jù ni ti dígí.

Nínú igbó Olókun kan náà tí Frobenius gbẹ́, àwọn ìkòkò wà níbẹ̀ tí dígí lẹ̀ mọ́ nínú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àlàyé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń ṣe ni pé ìgò àti ilẹ̀kẹ̀ àwọn Lárúbáwá ni Ifẹ̀ ń rà, tí wọ́n ń tún yọ́. Ìyẹn ni pé: ó yọ́ ọ lóòótọ́, kì í ṣe òun ló ṣe é. Ẹ rí i pé ohùn Frobenius kò tíì parẹ́, ó kàn rọlẹ̀ ni. Ní 2006, James Lankton, Akin Ige tó jẹ́ onímọ̀ òkúta ní yunifásítì Ifẹ̀, àti Thilo Rehren kọ ọ́ jáde pé èròjà inú dígí yìí kò bá ti ibòmíràn mu. Líìmù àti alumínà pọ̀ nínú rẹ̀ lọ́nà tí dígí Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù kò fi ní. Abídèmí Babátúndé Babalọlá wá gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ dáadáa, ó kó ilẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 jáde pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àfọ́kù ìkòkò ìyọ́dígí, iṣẹ́ náà sì jáde ní 2017. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi ọjọ́ rẹ̀ sí. Ifẹ̀ ló ṣe dígí náà, láti ibẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ mọ ohun tí ìyẹn gbà? Iyanrìn funfun nìkan fẹ́ ju 1,700°C lọ kó tó yọ́. Kò sí iléru amọ̀ tó lè gbé e. Àfi kí ẹ wá ohun tí ẹ máa pò mọ́ ọn tó máa fa ìgbóná yẹn sọ̀kalẹ̀, bí òjé ṣe ń ṣe fún bàbà. Wọ́n wá a, wọ́n rí i nínú òkúta ilẹ̀ wọn. Ìkòkò tí wọ́n ń yọ́ ọ nínú rẹ̀ tún gbọ́dọ̀ jẹ́ amọ̀ tí kò ní bá dígí yọ́, torí ìgbóná kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń fara gbà. Dígí fúnra rẹ̀ kì í yọ́ bí yìnyín. Kò ní òdo tirẹ̀ tó máa dúró lé. Horo rẹ̀ kò to sáfù rí láti ìbẹ̀rẹ̀, bí èrò ọjà ni wọ́n ṣe dì, ìdí nìyẹn tó fi ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀dà ojú títì lọ́sàn-án gangan. Ẹni tó ń fà á sí ilẹ̀kẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó rọ̀ tó, tí kò sì tíì rọ̀ jù.

Iṣẹ́ yẹn parẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni ní Ifẹ̀ lónìí, kò sí ní Ìwó, tó lè bu òkúta, kó pò ó, kó sọ ọ́ di sẹ̀gi. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kẹ̀ tó wà lára adé àwọn ọba wa, òkè òkun ni wọ́n ti rà á. A mọ̀ pé ogun, òwò ẹrú àti ilẹ̀kẹ̀ olówó pọ́ọ́kú tí ọkọ̀ ojú omi kó dé kò yọ iṣẹ́ ọwọ́ kankan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n awo náà wà nínú rẹ̀. Ìwé Lindemann, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ Jámánì lè kà á lọ́jọ́ tó jáde. Bí wọ́n ṣe ń po dígí, agbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà, torí ohun tí gbogbo ènìyàn bá lè ṣe, ọba kò ní rà á lọ́wọ́ ẹ. Nígbà tí agbo ilé bá wá tú, ta ló kù tó máa sọ ọ́?

Yíyọ́ kò tán nílẹ̀ wa ṣá o. Ẹ wo ìkòkò alumíníọ̀mù tí àwọn ìyá wa fi ń se ìrẹsì níbi ìnáwó. Àwọn ará wa ló ń dà á, Ṣakí ló sì gbajúmọ̀ jù fún un. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó ti bàjẹ́, agolo, páànù àtijọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ inú iná. Alumíníọ̀mù ń yọ́ ní 660°C, inú iyanrìn ni wọ́n sì ń dà á sí, bí èyí tí Underwood fẹ̀sùn rẹ̀ kan Orí Olókun. Ewu kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká sọ. Òjé tí ń yọ́ ní 327°C kò lè sá kúrò nínú iná tó yọ́ alumíníọ̀mù. Bó bá ti bá àlòkù wọlé, á yọ́ ṣáájú, á pò mọ́ ọn, á sì bá ìkòkò délé. Ìwádìí kan ní Kamẹrúùnù ní 2014 rí òjé tó ń wọnú oúnjẹ láti inú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀. Òjé kì í ta lẹ́nu, kò ní òórùn, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń bà jẹ́. Ojú lásán kò lè dá a mọ̀ lára ìkòkò. Ẹni tó máa rí i, ibi tí wọ́n ti ń ṣa àlòkù ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n yọ bátìrì àti ohunkóhun tí wọ́n fi òjé jó pọ̀ kúrò kí iná tó dé.

Ìṣòro mìíràn tún wà nínú alumíníọ̀mù tí asúdẹ Ifẹ̀ kò bá pàdé. Idẹ àti bàbà máa ń kéde ara wọn: wọ́n á pọ́n, wọ́n á dà bí ọsàn tó pọ́n, ojú ni asúdẹ fi ń mọ̀ pé àkókò tó. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n kó tó yọ́. Á ṣì funfun, á ṣì dà bí èyí tó tutù, lójijì á wó. Bí ẹ bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn wẹ́dà ní Ìwó, ẹ bi wọ́n. Ẹni tó bá ti jó irin pọ̀ fún ogún ọdún, tó ń wo bó ṣe ń pọ́n, á sọ fún yín pé ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ fi iná sí alumíníọ̀mù, ihò lòun bá níbẹ̀.